Òjò Kò Bẹ̀rù Táyà Olówó Ńlá

Nígbàkígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní ilẹ̀ wa, inú àwọn àgbẹ̀ a máa dùn, àwọn ọmọdé a sì bọ́ sí gbangba láti wẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ojú títì ọlọ́dà tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ tí òjò náà bá kọ́kọ́ rọ̀ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ayọ̀ rárá. Láti ìgbà ọyẹ́ ni epo tí ń kán láti abẹ́ ọkọ̀, àti eruku, àti lẹ́búlẹ́bú rọ́bà tí ń bó lára táyà, ti ń kó ara wọn jọ sí ojú ọ̀nà náà. Bí òjò díẹ̀ bá ta sí i, gbogbo rẹ̀ a pò pọ̀, a sì máa yọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn da omi ọṣẹ sílẹ̀, títí òjò ńlá yóò fi wá fọ̀ ọ́ lọ. Àwọn tí ń gba ọ̀nà náà déédéé mọ ohun tí a ń wí. Wọ́n ti rí ọkọ̀ tí ó yí padà tí ó dojú kọ ibi tí ó ti ń bọ̀, wọ́n sì ti rí èyí tí ó fi ọ̀nà sílẹ̀ wọ inú igbó lọ, láìsí ẹni tí ó kọlù ú.

Ohun tí ó mú wa gbé kálámù lónìí kì í ṣe òjò fúnra rẹ̀. Òjò Ọlọ́run ni, kò sì sí ẹni tí í bá a ṣẹjọ́. Èrò kan ni ó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa, pàápàá jù lọ àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó ra ọkọ̀, pé ẹni tí táyà rẹ̀ bá fẹ̀, tí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ń fi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ asáré, kò sí ohun tí òjò lè fi í ṣe. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì léwu púpọ̀. A fẹ́ lo àyè yìí láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí a sì rán àwọn aláṣẹ létí iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìṣe.

Láìpẹ́ yìí ni a yà sí ibi kan tí wọ́n ti ń ta táyà àlòkù ní ẹ̀bá ọ̀nà. A kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Wọ́n to àwọn táyà náà lé ara wọn lórí bí ẹni to iṣu sínú abà. Ọmọkùnrin tí ń tà wọ́n kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì fa ọ̀kan yọ tí ó fẹ̀ gbàgàdà, tí ara rẹ̀ dúdú tí ó ń dán. Ó ní: "Ọ̀gá mi, ẹ wo èyí. Ọkọ̀ tí ń sá 240 ni wọ́n yọ ọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sí òjò tí ó lè mú un."

Ọmọ náà kò parọ́ ní ti 240 yẹn. Lẹ́tà V wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà náà gbangba, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà pé ó lè gba eré kìlómítà 240 ní wákàtí kan. Lẹ́tà W dúró fún 270, Y sì dúró fún 300. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ tí a wò ó dáadáa, a rí i pé àwọn òkè rọ́bà kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sí ìsàlẹ̀ kòtò ìlà táyà ti bá ojú táyà náà dọ́gba. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn nínú àmì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT sì jẹ́ 1917, èyíinì ni pé ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógún ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Dídán tí ó ń dán yẹn, ohun ìkunra kan ni wọ́n fi pa á lára. Nígbà tí a sọ èyí fún ọmọkùnrin náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ̀yin náà ti ka ìwé jù." Bóyá òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a kà ni a fẹ́ pín fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé ẹni tí ó bá ra táyà yẹn ní ọjọ́ náà yóò gbà pé ààbò ni òun fi owó òun rà.

Lẹ́tà V tí a ń wí yìí kò sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí ọkọ̀ bá ń sá eré tó bẹ́ẹ̀, ooru tí yóò mú ara táyà kò ní fọ́ ọ túútúú. Ìlérí tí a ṣe fún táyà tuntun ni, tí atẹ́gùn rẹ̀ pé. Bí a bá fẹ́ mọ bí táyà yóò ti ṣe nínú omi, ibòmíràn ni a ó wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ẹni tí ó bá wọ sílípáàsì tuntun wọ inú balùwẹ̀ tí omi wà nílẹ̀ yóò rìn láìyọ̀. Bí sílípáàsì náà bá di ọlọ́dún méjì, tí ìdí rẹ̀ ti jẹ tí ó sì ń dán, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kan náà yóò gbé ẹni náà ṣubú. Ilẹ̀ kò yí padà, omi kò pọ̀ sí i, ìdí sílípáàsì ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ táyà rí. Ibi tí táyà kan ti fi ara kan ilẹ̀ kò ju nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ni ó di ọkọ̀ àti gbogbo èrò inú rẹ̀ mú sí ojú ọ̀nà.

Ọ̀nà méjì ni rọ́bà ń gbà di ọ̀nà mú. Èkíní ni pé rọ́bà tí ó rọ̀ a máa wọ inú gbágungbàgun òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú ọ̀dà, a sì rọ̀ mọ́ ọn yíká bí ẹ̀kọ tútù ti ń rọ̀ mọ́ ewé. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kì í yá, ìlọ́ra yìí ni ó sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Èkejì ni pé rọ́bà àti òkúta a máa lẹ̀ mọ́ ara wọn níbi tí wọ́n ti fẹnu kò. Ní ọ̀nà gbígbẹ, méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá ti wọ àárín wọn, bí ó tilẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, èkejì yẹn bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èkíní nìkan ni ó kù. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe táyà fi ń wá rọ́bà tí ó rọ̀ tí ó sì lọ́ra. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń po sílíkà mọ́ ọn dípò apá kan lára lẹ́búlẹ́bú èédú tí ó sọ táyà di dúdú, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀ ní ojú ọ̀nà tí ó tutù.

Ṣùgbọ́n rọ́bà kò lè di òkúta mú bí kò bá kọ́kọ́ fi ara kàn án. Iṣẹ́ àwọn kòtò ìlà tí ó wà lójú táyà nìyẹn. A kò kọ wọ́n sí i lójú fún ẹwà bí àbàjà tàbí pélé. Ojú àgbàrá ni wọ́n, ibi tí omi tí táyà tẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò gbà sá jáde kí rọ́bà lè kan ilẹ̀. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun, kòtò rẹ̀ a máa jìn tó nǹkan bíi mìlímítà 8. Nígbà tí ó bá ku 1.6, àwọn òkè rọ́bà kéékèèké tí a wí lẹ́ẹ̀kan yóò bá ojú táyà dọ́gba; ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wa ọkọ̀ tí ìlà táyà rẹ̀ bá fà sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kòtò kò bá jìn mọ́ tí omi sì pọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ẹ̀bá odò ti ṣe ìdánwò rẹ̀ láìmọ̀. Bí ọmọdé bá mú àpáàdì pẹlẹbẹ, tí ó jù ú ní ìrọra sí ojú odò, yóò rì. Bí ó bá fi agbára jù ú, tí ó fẹ̀gbẹ́ sọ ọ́, àpáàdì kan náà yóò máa ta pọ́ún pọ́ún lórí omi bí ọ̀pọ̀lọ́, kò ní rì títí eré rẹ̀ yóò fi tán. Omi kò ní àkókò láti sá fún un, nítorí náà omi gbé e. Táyà tí ó bá sá eré dé ìwọ̀n kan lórí omi di àpáàdì. Kò kan ilẹ̀ mọ́. Sítíárìn a fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti tú u kúrò. Bíréèkì kò ní ohun tí yóò dì mú, àti bíréèkì ìgbàlódé tí kì í jẹ́ kí táyà há pàápàá kò lè ṣe ohunkóhun, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ wà láàárín rọ́bà àti ilẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì pàdé.

Eré tí ó ń sọ táyà di àpáàdì yìí ní ìṣirò. Ní ọdún 1963, àwọn onímọ̀ NASA ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde lórí táyà ọkọ̀ òfuurufú tí ń balẹ̀ nínú òjò. Wọ́n rí i pé atẹ́gùn inú táyà ni ó ń pinnu eré náà. Ẹ mú ìwọ̀n atẹ́gùn táyà yín ní psi, gẹ́gẹ́ bí ohun ìwọ̀n àwọn fọkanáísà ti ń kà á. Ẹ wá nọ́ńbà tí a ó fi ìlọ́po ara rẹ̀ rí iye náà. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 10.35, iye máìlì tí ọkọ̀ yóò sá ní wákàtí kan kí ó tó léfòó nìyẹn. Bí atẹ́gùn bá jẹ́ 36, mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà ni. Ìdáhùn jẹ́ máìlì 62, tí í ṣe kìlómítà 100 géérégé. Bí atẹ́gùn bá ti jò tí ó ku 25, márùn-ún lọ́nà márùn-ún ni. Ìdáhùn kò ju kìlómítà 83 lọ. A gbọdọ̀ fi kún un pé ìṣirò yìí jẹ́ ti ibi tí omi bá ti jìn ju ìlà táyà lọ, tàbí tí táyà bá ti pá. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ìlà rẹ̀ ṣì jìn lè kọjá iye wọ̀nyí. Èyí tí ó fẹ̀ púpọ̀ tí ìlà rẹ̀ sì ti jẹ lè máà dé ibẹ̀.

A bẹ̀ yín, ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ 100 yẹn díẹ̀. Kìlómítà 100 ni òfin ilẹ̀ wa fi àyè gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní òpópónà márosẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé awakọ̀ tí kò rú òfin kankan, tí ó wọn atẹ́gùn táyà rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí kò sì mutí, lè wà ní ojú omi gan-an bí ìlà táyà rẹ̀ bá ti jẹ. Kí ni ká ti wá sọ nípa ẹni tí ń sá 140?

Nísinsìnyí a dé orí táyà tí ó fẹ̀. Ó dá wa lójú pé ní ojú ọ̀nà gbígbẹ, táyà fífẹ̀ tí a ṣe fún ọkọ̀ asáré dára. Nígbà tí ó bá wà ní tuntun, ó lè dára nínú òjò pẹ̀lú, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é gbẹ́ kòtò ńláńlá yí i ká, wọ́n sì fi rọ́bà rere sí i. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ náà ni gbèsè rẹ̀. Omi tí ó wà ní àárín táyà tóóró kò ní jìnnà kí ó tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tí ó wà ní àárín táyà fífẹ̀ ní ìrìn tí ó gùn láti rìn, kòtò nìkan ni ó sì lè gbé e jáde. Bí kòtò bá ti dí tàbí tí ó ti jẹ, táyà fífẹ̀ di pákó tí wọ́n fi lélẹ̀ lórí omi. Ìdí nìyí tí táyà ọkọ̀ asáré tí ó ti gbó fi léwu nínú òjò ju táyà tóóró tí kò lórúkọ, tí ìlà rẹ̀ ṣì jìn, lọ. Ẹni tí ó fi owó púpọ̀ ra èyí àkọ́kọ́ ti sanwó fún ohun tí ó ti tán lójú táyà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò tilẹ̀ dìgbà tí táyà bá pá. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà tí à ń pè ní AAA dán an wò: wọ́n sá eré máìlì 60 ní wákàtí kan ní ojú ọ̀nà tí ó tutù, wọ́n sì tẹ bíréèkì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú táyà tuntun, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú èyí tí ìlà rẹ̀ ku mìlímítà 3 àti díẹ̀. Táyà kejì yìí bá òfin tiwọn mu síbẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wọ̀ ọ́ fi ẹsẹ̀ bàtà 87 kọjá ibi tí ti táyà tuntun ti dúró, èyíinì ni mítà 26 àti díẹ̀. Ẹ to bọ́ọ̀sì akérò gígùn méjì tẹ̀ lé ara wọn, ẹ ó rí bí ó ti jìnnà tó. Ẹni tí ó bá dúró ní àárín mítà 26 yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mìlímítà márùn-ún rọ́bà.

Ọjọ́ orí táyà tún ń bẹ. Rọ́bà a máa gan bí ó bá ti pẹ́, bí a lò ó bí a kò lò ó, oòrùn ilẹ̀ wa kò sì ràn án lọ́wọ́. Rọ́bà tí ó ti gan kò lè wọ inú gbágungbàgun òkúta mọ́. Àjọ SON tí ń rí sí ojúlówó ọjà ní orílẹ̀-èdè yìí ti sọ pé kí táyà má ṣe ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Èyí tí a fi hàn wá ní ẹ̀bá ọ̀nà ti kọjá bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a sì rí àwọn mìíràn nínú òkìtì náà tí wọ́n ní àwòrán òkè ṣóńṣó mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Táyà ìgbà òtútù nìyẹn, tí wọ́n fi rọ́bà tí kì í gan nínú òtútù yìnyín ṣe. Nínú ooru wa, ó ti rọ̀ jù. Ojú rẹ̀ a máa mì lọ mì bọ̀ bí àgbọn-ìsàlẹ̀ arúgbó, a sì tètè jẹ tán. Ta ni ó ń gbé bàtà yìnyín wá fún ẹni tí ń rìn ní Ọ̀rẹ̀ àti Ìjẹ̀bú-Òde?

Àwọn kan yóò sọ pé, bí ẹni tí ń wakọ̀ bá ti mọṣẹ́, yóò borí. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó mọṣẹ́ jù lọ ní ayé. Nínú ìdíje Formula 1, táyà tí Pirelli ṣe fún òjò ńlá lè ti omi lítà 85 kúrò lọ́nà ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 300. Ó ju omi inú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta lọ, kí ènìyàn tó pe "ení". Síbẹ̀ òjò a máa lé wọn kúrò lójú pápá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976, ní Fuji ní ilẹ̀ Japan, Niki Lauda ọmọ Austria, tí iná ti jó lójú àti lórí ní Jámánì ní oṣù kẹjọ ọdún náà, tí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wo òjò tí ó rọ̀ sí pápá, ó wakọ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ipò akọni gbogbo ayé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó pàdánù rẹ̀ fún James Hunt pẹ̀lú máàkì kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pe ọkùnrin yẹn ní ojo kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìgboyà. Ní ilẹ̀ Japan kan náà, ní Suzuka ní ọdún 2014, ọkọ̀ Jules Bianchi yọ̀ nínú òjò, ó sì sá wọ abẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ mìíràn kúrò. Ọdọ́mọkùnrin náà kú ní oṣù keje ọdún 2015. Bí àwọn wọ̀nyí, pẹ̀lú irú táyà bẹ́ẹ̀, ní pápá tí kò ní kòtò, kò bá lè bá òjò jà, kí ni tiwa?

A kò kọ èyí láti bú àwọn awakọ̀. A mọ iye tí táyà tuntun jẹ́ lónìí, a sì mọ̀ pé láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023 ni ó ti kúrò ní ohun tí olówó oṣù lè fi ojú di. Ẹni tí ó ra táyà àlòkù kò ṣe é nítorí pé ó kórìíra ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹjọ́ tí ó kù wà lọ́rùn àwọn aláṣẹ, a ó sì sọ ọ́ láìfi bò.

Táyà àlòkù wà nínú àkójọ àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má kó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn aṣọ́bodè ni wọ́n ń tẹ àkójọ náà jáde fúnra wọn. Táyà ńlá ti àjàgbé tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Òfin nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí a lè dé ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ní rí táyà àlòkù ní òkìtì òkìtì ní ojú ọ̀nà ọba, ní ibi tí ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí ó lè fi táyà pamọ́ sí abẹ́ agbádá wọlé. Ọkọ̀ àlòkù pàápàá a máa dé pẹ̀lú táyà mẹ́rin lẹ́sẹ̀, a kò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n ní èbúté. Bí òfin náà bá dára, kí wọ́n mú un ṣẹ ní ẹnu bodè, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí dẹ́rẹ́bà talákà yóò bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì mọ̀ pé kò ṣeé mú ṣẹ, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kí a jọ wá ọ̀nà tí a ó fi máa yẹ ìlà àti ọjọ́ orí táyà wò kí ó tó dé ọjà.

Ó sì dùn wá láti rántí pé a kì í ṣe aláìní nínú ọ̀rọ̀ yìí. Rọ́bà ń hù ní ilẹ̀ wa. Ilé ìwádìí rọ́bà ti orílẹ̀-èdè yìí wà ní Iyanomo, nítòsí Benin, títí di òní. Dunlop ṣe táyà ní Ìkẹjà láti àwọn ọdún 1960, Michelin sì ṣe tirẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin dáwọ́ dúró ní ọdún 2007, Dunlop ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà ni a ti ń tà oje igi wa fún ẹlòmíràn, tí a sì ń ra táyà tí wọ́n ti wọ̀ gbó padà lọ́wọ́ wọn. Ìjọba tí ó bá mú kí iná mànàmáná tó fún ilé iṣẹ́ táyà kan ṣoṣo ti gba ẹ̀mí là ju èyí tí ó ra ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ agbókùú lọ.

Ojú ọ̀nà náà kò ní jẹ́ kí a dákẹ́. Níbi tí àwọn àjàgbé ti tẹ ọ̀dà mọ́lẹ̀ títí tí ipa ẹsẹ̀ wọn fi di ọpọ́n gígùn, omi a máa dúró síbẹ̀ lẹ́yìn òjò, ibẹ̀ gan-an ni táyà ọkọ̀ kéékèèké sì ń gbà. Gọ́tà tí pàǹtírí ti dí ń dá omi padà sí ojú títì. Àwọn tí ó gba iṣẹ́ ọ̀nà ṣe kò gbọdọ̀ máa ka kìlómítà tí wọ́n ti da ọ̀dà sí nìkan. Kí ẹnìkan dúró síbẹ̀ ní ọjọ́ òjò, kí ó wo ibi tí omi ń lọ.

Ní ti ẹni tí ó wà lẹ́nu ọkọ̀, díẹ̀ ni ó kù láti sọ. Bí òjò bá mú yín lọ́nà, ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé inú omi, ẹ sì máa gba ojú ipa tí ọkọ̀ iwájú ti ti omi kúrò, ní òkèèrè sí i. Bí sítíárìn bá fúyẹ́ lójijì, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ di sítíárìn mú ní gbọọrọ, kí ẹ sì dúró títí ilẹ̀ yóò fi padà sábẹ́ táyà. Yóò jọ pé ó pẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní sí àwọn olórí ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì gbogbo. Wọ́n ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó jáde, kò sì sí ọkọ̀ tí í bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀ títí di ti àròkúrò, kí àwọn ọmọ náà mú ohun ìwọ̀n atẹ́gùn kan dání pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì wọn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ wo ìlà táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí òkè rọ́bà rẹ̀ bá ti bá ojú táyà dọ́gba, kí wọ́n má jẹ́ kí ó kó èrò ní ọjọ́ náà. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, èrò tí ó ti jókòó sínú ọkọ̀ yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.